Wọ́n ní ohùn mi fẹ́lẹ́ jù fún yàrá ìgbìmọ̀. Ẹ̀yin obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá, kí lẹ máa ń ṣe?

Ayẹ̀wé_Owó

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé owó ni mò ń ṣe, mo sì ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí ẹ̀ka wa ni, ìyẹn ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé. Láti oṣù tó ń bọ̀ lọ, èmi ni màá máa jábọ̀ fún ìgbìmọ̀ olùdarí: ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ìbéèrè. Ọ̀gá mi pè mí, ó ní iṣẹ́ mi ò ní àbùkù, àmọ́ ohùn mi fẹ́lẹ́, kò sí àṣẹ nínú ẹ̀. Ó ní kí n lọ fà á wálẹ̀ bí Margaret Thatcher, olórí ìjọba Bírítéènì nígbà kan, ṣe ṣe. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n bínú.

Ká sòótọ́, kì í ṣe ohùn ló ń dùn mí jù. Mo lè sọ nǹkan nípàdé kí gbogbo ilé ṣe bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́ kọjá. Kò ní pẹ́, ọkùnrin kan á tún ohun kan náà sọ, wọ́n á ní "àbá gidi lèyí o". Ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí n parí kó tó já lu ọ̀rọ̀ mi. Tó bá sì jẹ́ èmi nìkan ni mo dúró níwájú, àyà mi á máa já, ẹnu mi á gbẹ, ẹ̀bẹ̀ ni màá fi bẹ̀rẹ̀: "ẹ má bínú, mi ò ní pẹ́." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú ẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n ní ìgboyà o. Mo ti gbọ́ ìyẹn tó.

Olùtọ́jú_Ohùn

Àǹtí, ẹ kú oríire ipò tuntun. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń tọ́jú ohùn, àwọn olùkọ́ àti agbẹjọ́rò tí ohùn wọn ti há ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ohùn kúrò nílẹ̀ ná.

Tán-án-ná, ìyẹn iṣan méjì inú ọ̀fun tó ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde, ti obìnrin kúrú ju ti ọkùnrin lọ, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Tí obìnrin bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tiẹ̀ ń gbọ̀n tó nǹkan bí ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti ọkùnrin tó nǹkan bí 120. Bí a ṣe dá wa nìyẹn, kì í ṣe àléébù. Òótọ́ ni pé Thatcher gba ẹ̀kọ́ ohùn nínú àwọn ọdún 1970, kó tó di olórí ìjọba ní 1979, ohùn ẹ̀ sì wálẹ̀. Àmọ́ olùkọ́ ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá kàn ń ki ohùn mọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀, ọ̀fun ara ẹ̀ ló ń fún. Kò ní pẹ́ tí ohùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í há, ẹni tó jókòó lẹ́yìn ò sì ní gbọ́ ìparí gbólóhùn kankan.

Lára àwọn tí wọ́n ní ohùn wọn fẹ́lẹ́, ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé èémí ló ń tán. Ẹ tẹ́tí sí ara yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń ka iye owó. Ọ̀rọ̀ iwájú á yọ ketekete, nígbà tó bá fi máa kan iye yẹn gan-an, èémí ti tán, ohùn ti rì wọnú àyà. Iye yẹn sì ni ìgbìmọ̀ wá gbọ́! Ẹ dìde dúró, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìhà, ẹ mí sínú títí ọwọ́ yín á fi sún síta. Tó bá jẹ́ èjìká ló gòkè, ẹ tún un ṣe. Ẹ wá ka gbólóhùn kan ṣoṣo nínú àbọ̀ yín sókè, kí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn dún tó ti àkọ́kọ́. Ẹ pa ẹnu dé. Ẹ tún mí. Ẹ ka ìkejì. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí ọjọ́ náà á fi pé.

Láti àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa mu omi. Èyí tẹ́ ẹ bá mu nígbà tẹ́ ẹ ti dúró níwájú wọn, ẹnu nìkan ló máa rin, kì í kan tán-án-ná. Ẹ má sì máa ha ọ̀fun kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, ńṣe ló ń gbá tán-án-ná mọ́ra wọn. Ẹ gbé itọ́ mì, ó tó.

Jígí_Ọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe nǹkan kan. Wọ́n kọ́ wa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan pé ìdá 7 péré nínú 100 ohun tí èèyàn ń gbà lọ ló wà nínú ọ̀rọ̀. 38 wà nínú ohùn, 55 wà lójú àti lára. Àǹtí, ẹ wọ aṣọ tó bá yín mu, kẹ́ ẹ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Ìṣẹ́jú méjì. Ó parí.

Òǹkàwé_Ìwádìí

@Jígí_Ọ̀rọ̀, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dá yín dúró síbẹ̀. Albert Mehrabian ló ni ìdá 7 yẹn, láti 1967. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Wọ́n ń wò ó pé tí ọ̀rọ̀, ohùn àti ojú ò bá bára mu, èwo lèèyàn fi ń mọ̀ bóyá ẹnì kan fẹ́ràn òun. Mehrabian fúnra ẹ̀ ti sọ pé kò kan oríṣi ọ̀rọ̀ mìíràn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, à bá máa gbọ́ ìròyìn lédè tá ò gbọ́ rí, ká sì lóye ìdá 93 nínú ẹ̀.

Ti ọwọ́ nínà sókè, ìwádìí kan ló gbé e jáde ní 2010, pé ó ń yí họ́mọ̀nù (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí bí ara ṣe ń ṣe) padà, ó sì ń sọ èèyàn di onígboyà. Àwọn mìíràn tún un ṣe ní 2015 pẹ̀lú èèyàn 200: họ́mọ̀nù ò yí, ìwà ò yí, àwọn èèyàn kàn ní àwọn rò pé àwọn lágbára sí i. Dana Carney, tí orúkọ ẹ̀ ṣáájú lórí ìwádìí àkọ́kọ́ yẹn, sọ ní gbangba ní 2016 pé òun ò gbà á gbọ́ mọ́. Tó bá ń mára tù yín, ẹ na ọwọ́ yín, kò pa èèyàn. Kó má kàn rọ́pò ìmúrasílẹ̀.

Èyí tó bá àyà tó ń já mu ni ti Alison Wood Brooks ní Harvard, 2014. Kí àwọn èèyàn tó sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ, ó ní kí àwọn kan sọ fún ara wọn pé ara wọn balẹ̀, kí àwọn kan sọ pé ara wọn ti yá gágá. Àwọn tí ara wọn "yá gágá" ló sọ̀rọ̀ dáadáa jù. Ara tó ti gbóná kì í gbọ́ tí wọ́n bá ní kó tutù wàràwàrà, àmọ́ ó lè gbọ́ tí wọ́n bá ní iṣẹ́ ti yá. Nítorí náà, Àǹtí, ẹ má bá àyà yín jà.

Ẹ̀gbọ́n_Alága

Àbúrò mi, kú oríire. Mo ti jókòó sórí àga alága ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, torí náà ẹ̀yìn tábìlì ni mo ti máa bá ẹ sọ̀rọ̀.

Àbá tí wọ́n ń gbà mọ́ ẹ lọ́wọ́ yẹn, tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo fẹ́ gbà á padà, wọ́n á ní o ń jà. Ẹlòmíì ló máa bá ẹ gbà á. Àwọn obìnrin tó bá Obama ṣiṣẹ́ ní White House ti ṣe é, ìwé ìròyìn Washington Post ló gbé e jáde ní 2016. Tí ọ̀kan nínú wọn bá sọ ohun tó ní láárí, òmíràn á tún un sọ, á sì dárúkọ ẹni tó ni ín, kò wá sẹ́ni tó máa rí i gbé mọ́. Wá obìnrin kan tàbí ọkùnrin kan tí orí ẹ̀ pé, kẹ́ ẹ ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tó máa sọ ò ju "ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tí olórí àyẹ̀wò sọ lẹ́ẹ̀kan." Kí ìwọ náà máa ṣe é fún un.

Ẹni tó bá já lu ọ̀rọ̀ ẹ, má dákẹ́ fún un, má sì pariwo lé e lórí. Dárúkọ ẹ̀, kó o ní "gbólóhùn kan ló kù, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín", kó o wá parí gbólóhùn yẹn lójú ẹsẹ̀. Orúkọ yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Kamala Harris àti Mike Pence ń jíròrò lóṣù kẹwàá 2020, ohun tí Harris sọ fún Pence, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ò ju "Ọ̀gbẹ́ni Igbákejì Ààrẹ, mò ń sọ̀rọ̀", ó sì padà sẹ́nu ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Kí n tún sọ èyí tí wọn kì í sọ fún ẹni tuntun: inú ìpàdé kọ́ ni ìpàdé ìgbìmọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, lọ bá ẹni méjì nínú wọn, bi wọ́n léèrè ohun tó ń kọ wọ́n lóminú nínú àbọ̀ tó kọjá. Wàá mọ ìbéèrè tó ń bọ̀, wàá sì ní ojú méjì tí wàá máa wò nígbà tí àyà ẹ bá já.

Tèmi_Ni_Mo_Sọ

Èmi ọkùnrin náà, wọ́n ń já lu ọ̀rọ̀ mi lójoojúmọ́. Ẹ má sọ gbogbo nǹkan di ti obìnrin. Ẹni tó bá mọṣẹ́, tó sì ti dé ipò gíga, wọ́n á gbọ́ ọ.

Amòfin_Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wá ipò tó ga dáadáa ná. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà ńkọ́? Tonja Jacobi àti Dylan Schweers ka àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ ibẹ̀, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 2017. Ní sáà ọdún 2015, obìnrin mẹ́ta ló wà nínú àwọn adájọ́ náà, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìgbà tí wọ́n já lu ọ̀rọ̀ adájọ́, orí àwọn mẹ́ta yìí ló dá lé. Àwọn agbẹjọ́rò pàápàá ń já lu ọ̀rọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ìlànà ilé ẹjọ́ ni pé kí agbẹjọ́rò dákẹ́ tí adájọ́ bá ti lanu. Ipò wo ló tún kù tí obìnrin máa dé?

Ohun méjì ni mo mú níbẹ̀. Bí àwọn obìnrin yẹn ṣe ń pẹ́ lórí àga ni wọ́n ń jáwọ́ nínú "ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè béèrè" àti "ẹ má bínú" tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Orí ìbéèrè gan-an ni wọ́n ń bọ́ sí. Àǹtí Ayẹ̀wé_Owó, ẹ gbọ́ ìyẹn o. Èkejì, ilé ẹjọ́ náà yí ètò ẹ̀ padà. Láti oṣù kẹwàá 2021, tí àkókò agbẹjọ́rò bá ti pé, àwọn adájọ́ ń béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe pẹ́ ju ara wọn lọ lẹ́nu iṣẹ́. Adájọ́ Sonia Sotomayor sọ lóṣù yẹn pé ìwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń já lu ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin wà lára ohun tó fà á. Ètò ni wọ́n yí. Wọn ò rán àwọn adájọ́ obìnrin lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ohùn mọ́lẹ̀.

Tèmi_Ni_Mo_Sọ

Ó dáa, mi ò mọ ti ilé ẹjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá múra sílẹ̀, ètò ò lè gbà á sílẹ̀.

Amòfin_Kékeré

Ibẹ̀ la jọ wà.

Inú_Ń_Bí_Mi

Kí ló dé tó fi jẹ́ àwa la máa ń tún ara wa ṣe? Tá a bá dákẹ́, wọ́n á ní a ò láṣẹ. Tá a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ẹnu wa ti pọ̀ jù. Victoria Brescoll ní Yale gbé ìwádìí kan jáde ní 2011. Ó ṣàpèjúwe ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan fáwọn èèyàn, pé ó máa ń sọ̀rọ̀ ju àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ní ọkùnrin ni, wọ́n á ní ó mọṣẹ́. Tí wọ́n bá ní obìnrin ni, ṣe ni wọ́n ń gé máàkì ẹ̀, àtọkùnrin àtobìnrin. Ohùn wo ni Àǹtí fẹ́ lò tó máa tẹ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́rùn?

Ẹ̀gbọ́n_Alága

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi, mi ò ní bá ẹ jiyàn. Àmọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni ìpàdé àbúrò wa. Ẹ jẹ́ ká fún un lóhun tó máa mú dání lọ, ìjà tó kù ò ní sá lọ. Èmi alága gan-an, ẹ máa bá mi jà.

Bàbá_Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èmi lẹni tó ń so máíkì mọ́ yín láṣọ kẹ́ ẹ tó jáde síwájú èèyàn. Ọ̀rọ̀ mi ò jinlẹ̀ tó tiyín, àmọ́ àwọn tó ń kọ́ni lọ́rọ̀ sísọ kì í sọ ọ́.

Máíkì kékeré tá à ń há mọ́ àyà yẹn, wáyà ẹ̀ ń lọ sínú àpótí kékeré kan tó wúwo díẹ̀. Àpótí yẹn fẹ́ bẹ́líìtì tàbí àpò. Ọkùnrin á ti í sí àpò ṣòkòtò, ó parí. Obìnrin tó bá wọ gáùn tí kò lápò, tí kò ní bẹ́líìtì, kò síbi tí mo fẹ́ gbé e sí. Mo ti rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó fọwọ́ dì í mú látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù tó fi ń ṣí ìwé, tó tún fi ń tọ́ka sí ara ògiri. Ẹ wọ ohun tó ní ìbàdí gidi, tàbí jákẹ́ẹ̀tì tó lápò. Ọrùn aṣọ náà ṣe pàtàkì: àárín àyà ni máíkì ti ń gbọ́ dáadáa. Tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá kọjú sí òdìkejì lohùn á máa lọ. Ṣéènì ọrùn tó ń mì á máa gbá a, gbogbo ilé á máa gbọ́ ṣáká-ṣáká, wọ́n á ní ẹ̀rọ ò dáa. Ẹ̀rọ dáa.

Tó bá jẹ́ máíkì ọlọ́rùn gígùn tó wà lórí pèpéle ni, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ṣáájú yín ga jù yín lọ. Ẹ má na ọrùn bá a. Ẹ dúró, ẹ fọwọ́ fà á wá sísàlẹ̀ àgbọ̀n díẹ̀, kó jìnnà sẹ́nu tó nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan àbọ̀, kẹ́ ẹ tó lanu. Wọ́n á dúró dè yín, wọ́n á sì ti máa wò yín. Tí pèpéle bá ga dé àyà yín, ẹ béèrè àpótí ìtẹ̀sẹ̀, a máa ń ní in. Àti jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé "mi ò nílò máíkì, ohùn mi á dé". Tẹ́ ẹ bá ń fi agbára gbé ohùn dé ẹ̀yìn yàrá ló máa ń han gooro, ìyẹn ni wọ́n á wá máa pè ní ohùn tí kò láṣẹ.

Olùtọ́jú_Ohùn

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn, màá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá mi.

Ayẹ̀wé_Owó

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Mo kọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ nìyí. Ẹ má ṣàánú mi:

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo dúpẹ́ gan-an fún àǹfààní yìí. Ẹ má bínú, mi ò ní gba àkókò yín púpọ̀. Mo kàn fẹ́ sọ díẹ̀ lórí àyẹ̀wò tí ẹ̀ka wa ṣe láàárín oṣù mẹ́fà tó kọjá. A wo ìwé ìsanwó, ìwé ọjà, ìwé owó oṣù, a sì tún wo ètò orí kọ̀ǹpútà. Nǹkan ń lọ dáadáa ní gbogbogbòò, àmọ́ bóyá ẹ máa rí i pé ó yẹ ká tún wo ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lù díẹ̀."

Òǹkọ̀wé_Àbọ̀

Mo ka a títí kí n tó rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ìparí pátápátá lẹ fi sí, "bóyá" wà níwájú ẹ̀, "díẹ̀" wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó ń wo fóònù ẹ̀ lábẹ́ tábìlì ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹ fi ìkíni kan sílẹ̀, ẹ yọ ìyókù. "Mi ò ní gba àkókò yín" ń gba àkókò wọn. "Mo kàn fẹ́" ń sọ fún wọn pé ohun kékeré ni, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Gbogbo ìwé tẹ́ ẹ wò ti wà nínú àbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn, ẹ má kà á sí wọn létí. Ìsanwó mélòó gan-an ló jáde láìní ìbuwọ́lù kejì? Iye yẹn lèmi fẹ́ gbọ́ ní gbólóhùn kejì, kí n tó mọ ohunkóhun mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo "bóyá" ló burú o. Tí nǹkan ò bá tíì dá yín lójú, ẹ sọ pé bóyá, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ ti yẹ̀ wò, tí ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, kí lẹ fẹ́ fi bóyá ṣe?

Ayẹ̀wé_Owó

Ìsanwó kan nínú mẹ́wàá ni o. Ẹ tún wo èyí:

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin olùdarí. Láàárín oṣù mẹ́fà tó kọjá, ọ̀kan nínú ìsanwó mẹ́wàá-mẹ́wàá tá a ṣe fáwọn tó ń kó ọjà fún wa ló jáde láìní ìbuwọ́lù kejì. A ò rí owó kankan tó sọ nù. Àmọ́ tó bá sọ nù, a ò ní mọ̀ lásìkò. Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí lónìí: kí kọ̀ǹpútà má lè san owó kankan tí ìbuwọ́lù kejì ò bá sí lórí ẹ̀. Màá fi bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ hàn yín."

Òǹkọ̀wé_Àbọ̀

Ẹ ò rí i! Lẹ́yìn "a ò ní mọ̀ lásìkò", ẹ dákẹ́. Ẹ ka ení, èjì nínú ikùn yín. Ó máa dà bíi pé ó ti pẹ́ jù létí yín, kì í pẹ́ létí wọn.

Olùtọ́jú_Ohùn

Kẹ́ ẹ sì mí níbẹ̀. Ẹ fi bíírò fa ìlà kékeré sí gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti máa mí lórí ìwé yín, kẹ́ ẹ máa fi ìlà yẹn kà á. Ibi tí ìlà kò bá sí, ẹ má dúró.

Dókítà_Aláàbọ̀_Oorun

Ta ló máa dárúkọ yín kẹ́ ẹ tó dìde? Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, ìwádìí kan jáde ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ní 2017 nípa bí wọ́n ṣe ń pe àwọn dókítà tó fẹ́ bá àwùjọ sọ̀rọ̀ jáde. Tí ọkùnrin bá ń pe ọkùnrin ẹgbẹ́ ẹ̀, ìdá 72 nínú 100 ìgbà ló pè é ní Dókítà. Tí ọkùnrin náà bá ń pe obìnrin, kò pé ìdá 50. Lọ́dún 2021 tí Ngozi Okonjo-Iweala di ọ̀gá àgbà Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, ìwé ìròyìn kan ní Switzerland fi "ìyá àgbà" ṣe àkọlé ìròyìn náà, kí wọ́n tó wá tọrọ àforíjì. Ẹni tó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó rí! Ẹ kọ gbólóhùn méjì nípa ara yín, oyè yín ní kíkún àti iṣẹ́ tẹ́ ẹ wá jẹ́, kẹ́ ẹ fún alága lọ́wọ́. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló máa kà.

Ayẹ̀wé_Owó

Mi ò ronú kan ìyẹn rárá. Ìbéèrè ló wá kù o. Tí wọ́n bá bi mí ní ohun tí mi ò mọ̀ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Alága

Sọ pé iye yẹn ò sí lọ́wọ́ ẹ, sọ ọjọ́ tí wàá fi ránṣẹ́, kó o kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn. Má ṣàlàyé ìdí tí kò fi sí lọ́wọ́ ẹ. Ohun tó máa ń ba obìnrin tó mọṣẹ́ jẹ́ níwájú mi ni pé á dáhùn ìbéèrè tán, ìdáhùn náà á sì dáa, á wá rí i pé ojú oníbèéèrè ò yí, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé títí yóò fi tú ohun tó ti dì. Tó o bá ti dáhùn, pa ẹnu dé, kó o wo ẹlòmíì.

Tí wọ́n bá da ìbéèrè mẹ́ta pọ̀ bi ẹ́, mú èyí tó wù ẹ́ ṣe àkọ́kọ́. Kò sófin tó ní kó o tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe tò ó.

Òǹkàwé_Ìwádìí

Fún ẹ̀yin alága tẹ́ ẹ ń kà á: wọ́n wo ìpàdé ìmọ̀ 247 ní ilé ẹ̀kọ́ 35, orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, ìwádìí náà jáde ní 2018. Ọkùnrin tó wà lórí ìjókòó ń béèrè ìbéèrè ju obìnrin lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ló kọ́kọ́ béèrè, ìbéèrè àwọn obìnrin tún ń dín kù sí i. Ọwọ́ yín ni ẹni àkọ́kọ́ wà.

Ẹ̀gbọ́n_Alága

Mo gbọ́. Màá lò ó ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Amòfin_Kékeré

Ẹni tó bá fẹ́ ibi tó ti lè máa ṣe é lóòrèkóòrè láìsí ọ̀gá níwájú, ẹgbẹ́ Toastmasters wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. 1924 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, 1973 ni wọ́n tó gba obìnrin wọlé. (Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Wọ́n máa ń yan ẹnì kan tí yóò máa ka iye ìgbà tẹ́ ẹ sọ "ẹ̀ẹ̀ẹ̀n". Ó ń dójú tini lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Àlejò_Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́, orí Zoom ni gbogbo ìpàdé tiwa. Tí èèyàn méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, tèmi ló máa ń pòórá. Ṣé ohùn ni àbí ẹ̀rọ?

Bàbá_Ẹ̀rọ

Àbúrò, ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ohùn ẹ̀ ń wọlé kíkan jù ló ń jẹ́ káwọn èèyàn gbọ́, á rẹ ti ẹnì kejì sílẹ̀. Máíkì inú kọ̀ǹpútà alágbèéká jìnnà sí yín, ariwo yàrá ló ń kó mọ́ ohùn yín. Ẹ lo gbígbọ́létí, ìyẹn íápíìsì, tó ní máíkì lára, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, kó má wà níwájú ẹnu gan-an kí èémí má baà máa fẹ́ lù ú. Ẹ lọ sínú ètò Zoom yẹn, kẹ́ ẹ gbohùn ara yín sílẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ dárúkọ alága ná, kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ̀rọ ṣí fún yín, kẹ́ ẹ tó sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ló máa ń gé.

Àlejò_Tuntun

Gbígbọ́létí tèmi ní wáyà o. Ṣé ìyẹn náà dáa?

Bàbá_Ẹ̀rọ

Ó dáa ju èyí tí kò ní wáyà lọ. Má jẹ́ kí máíkì ẹ̀ máa ha aṣọ.